Mọ́dábọ́ọ̀dù Olówó Àárín fún Kọ̀ǹpútà Sítúdíò Kan: Bí A Ṣe Yàn Án àti Bí A Ṣe Tò Ó

Kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí wà ní sítúdíò kékeré kan n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gé fídíò ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìkómọ. Wọn ò rà á ní odidi. Ẹ̀yà rẹ̀ ni wọ́n rà lọ́kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì tò pọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: prósẹ́sọ̀ Intel Core i5-7400 lórí bọ́ọ̀dù (mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń wọ̀) B250 tó jẹ́ Micro-ATX, RAM DDR4 32GB, ìyẹn 16GB méjì tí wọ́n kọ 2666 sí lára, káàdì àwòrán GTX 1060 ti 6GB, SSD SATA 500GB, háàdì dísìkì méjì, ẹ̀rọ tó ń kọ DVD, torí àwọn àgbà kan ṣì ń béèrè rẹ̀, káàdì tó ń gba fídíò wọlé tààrà láti inú kámẹ́rà, tó ń wọ ihò PCIe ọlọ́nà mẹ́rin (x4), àti páwà páàkì 550W tó ní àmì 80 Plus Bronze.

Ẹ̀sùn méjì ni àwọn onísítúdíò náà gbé wá bá wa. Èkíní ni pé fídíò 4K kì í ṣàn geere mọ́ bí wọ́n bá ń gé e. Á máa dúró, á máa fò. Core, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀, mẹ́rin péré ni i5-7400 ní, thread rẹ̀, ìyẹn iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ju mẹ́rin lọ, iṣẹ́ náà ti wúwo jù fún un. Èkejì ni pé Microsoft ti jáwọ́ lára Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Windows 11 ò sì gbà láti wọ orí ẹ̀rọ yẹn. Intel ìran kẹjọ sókè tàbí Ryzen 2000 sókè ni Windows 11 ń béèrè, pẹ̀lú TPM 2.0 (ẹ̀yà tó ń pa kọ́kọ́rọ́ ààbò mọ́) àti Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò ní àṣẹ bá kọ̀ǹpútà tan). Ìran keje ni 7400.

Àbá tó kọ́kọ́ jáde ni pé kí wọ́n wá i5-8400 tàbí i7-8700 tòkunbọ̀ kan, kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀, ṣebí ihò prósẹ́sọ̀ kan náà, LGA1151, ni gbogbo wọn ń lò. Lóòótọ́ á wọ ihò náà, àmọ́ kò ní tan. Intel yí ètò iná inú àwọn ẹsẹ̀ ihò yẹn padà fún ìran kẹjọ, bọ́ọ̀dù ọ̀wọ́ 300 nìkan ló sì ṣe fún un. Bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ yí padà nìyẹn, prósẹ́sọ̀ náà á sì bá a yí. Ìbéèrè tó kù ni èwo nínú ohun tó wà nílẹ̀ la ò ní fọwọ́ kàn, torí ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú kéèsì ló ń yan bọ́ọ̀dù fúnni, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tàbí iná tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Kí á tó dárúkọ bọ́ọ̀dù kankan

Kéèsì la kọ́kọ́ wọ̀n. Bọ́ọ̀dù ATX jẹ́ 305 mm ní gígùn àti 244 mm ní ìbú. Micro-ATX jẹ́ 244 mm ní ọ̀nà méjèèjì. Kéèsì yìí gba ATX, ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé. Páwà páàkì ní wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 àti ti prósẹ́sọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ 8 tó pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ 4 nìkan ló ní, páwà páàkì tuntun ni à bá kọ́kọ́ rà.

Ẹni tó bá ní Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk tòkunbọ̀, tí wọ́n kún ọjà wa bí eṣú, kó dá ọwọ́ dúró níbí ná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bọ́ọ̀dù wọn kì í ṣe ìwọ̀n ATX, tí wáyà páwà páàkì wọn yàtọ̀, tí bọ́tìnì àtanná iwájú wọn náà sì ń lo wáyà tiwọn. Bọ́ọ̀dù tuntun á mú kéèsì tuntun dání, kéèsì á mú páwà páàkì dání, nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣírò rẹ̀, owó kọ̀ǹpútà mìíràn ti jáde.

RAM ló kàn. 32GB tó fún iṣẹ́ wọn, kò sì ní àléébù kankan. Owó RAM ti gbẹ́nu sókè láti ìparí 2025, DDR5 ló sì le jù. Ìyẹn nìkan ti yọ AM5, ihò prósẹ́sọ̀ tuntun ti AMD, kúrò nínú ọ̀rọ̀: bọ́ọ̀dù B650 dára, AMD sì ṣèlérí láti máa ṣe prósẹ́sọ̀ fún ihò AM5 di 2027 ó kéré tán, ṣùgbọ́n DDR5 nìkan ló ń jẹ. Kí wọ́n ju 32GB tó dáa nù kí wọ́n tó ra prósẹ́sọ̀? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọ̀nà méjì ló ṣẹ́ kù tí DDR4 lè gbà. Ọ̀kan ni Intel LGA1700 lórí B660 tàbí B760, pẹ̀lú i5-12400. Èkejì ni AMD AM4 lórí B550, pẹ̀lú Ryzen 5000. Ẹni tó bá fẹ́ B760 gbọ́dọ̀ ka orúkọ rẹ̀ dáadáa, nítorí B760 DDR4 wà, B760 DDR5 sì wà. Bọ́ọ̀dù kan kì í gba méjèèjì, ihò RAM wọn ò tiẹ̀ bára mu.

Kámẹ́rà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. i5-12400 tí kò ní F lẹ́yìn ní ẹ̀yà àwòrán UHD 730 nínú, Quick Sync, apá tó ń tú fídíò nínú rẹ̀, sì lè tú fídíò H.265 10-bit 4:2:2 (irú ìdìpọ̀ fídíò kan tó wúwo), irú èyí tí àwọn kámẹ́rà tuntun tí kò ní dígí nínú (mirrorless) máa ń yà. Káàdì GTX 1060 ò lè tú irú rẹ̀ rárá. Ká ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ ni sítúdíò yìí ń gé, B760 DDR4 là bá mú láìṣe iyèméjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi MediaInfo, ètò tó ń sọ irú fídíò tí fáìlì jẹ́, wo fáìlì wọn, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ H.264 8-bit 4:2:0, GTX 1060 sì ń tú ìyẹn fúnra rẹ̀. Core ni wọ́n wá ń fẹ́ báyìí. Ryzen 7 5700X ní core 8 àti thread 16, i5-12400 ní 6 àti 12. AM4 ló gbà á.

(Ẹ kíyè sí i: Ryzen 7 5700 tí kò ní X lẹ́yìn kì í ṣe ọmọ ìyá 5700X. Cache L3 rẹ̀, ìyẹn ibi ìpamọ́ kékeré inú prósẹ́sọ̀, jẹ́ 16MB, ti 5700X jẹ́ 32MB, PCIe 3.0 ló sì ń lò, kì í ṣe 4.0 tó yára jù ú lọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn lára páálí. Ẹ wo orí irin prósẹ́sọ̀ náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.)

Yíyan láàárín àwọn B550

A520 kéré jù: PCIe 3.0 ni látòkè délẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sì ní irin tó ń fa ooru kúrò lára VRM. B450 ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òun náà ò kọjá PCIe 3.0. X570 ní ju ohun tí wọ́n nílò lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní fáànù kékeré lórí chipset, ìyẹn chip tó ń darí àwọn ihò bọ́ọ̀dù. Fáànù kékeré ló máa ń kọ́kọ́ kú níbi tí eruku bá pọ̀. B550, tó jáde ní oṣù Kẹfà 2020, ló wà láàárín: káàdì àwòrán àti ihò M.2 àkọ́kọ́ (ibi tí SSD pẹlẹbẹ ń wọ̀) ń gba PCIe 4.0 tààrà láti ara prósẹ́sọ̀, ìyókù ń gba 3.0 láti ara chipset.

Bọ́ọ̀dù B550 pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, owó wọn sì jìnnà síra. Ohun mẹ́rin la fi yọ èyí tí kò yẹ kúrò.

Àkọ́kọ́ ni VRM, ìyẹn apá tó ń gba iná 12V láti páwà páàkì, tó ń sọ ọ́ di bíi 1.2V fún prósẹ́sọ̀. AMD fi 76W ṣe òpin iná tí 5700X lè fà. Bí a bá pín 76 sí 1.2, ó lé ní 60 ampere tó ń gba ibi tí kò ju ìka mẹ́ta lọ kọjá, fún gbogbo àkókò tí fídíò bá fi ń jáde. Ti 5800X jẹ́ 142W, ìyẹn súnmọ́ ìlọ́po méjì. Lórí bọ́ọ̀dù tí VRM rẹ̀ wà ní ìhòhò, nínú yàrá tí kò ní AC nínú oṣù Kẹta n'Ìbàdàn, ooru á gòkè, bọ́ọ̀dù á sì dín eré prósẹ́sọ̀ kù láti gba ara rẹ̀ là. Oníṣẹ́ ò ní rí àṣìṣe kankan lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó máa rí ni pé fídíò tó yẹ kó jáde kíá ń fà. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn lójú ọjà: ẹ wo apá òsì àti apá òkè ihò prósẹ́sọ̀. Irin ìfa-ooru gbọ́dọ̀ wà ní apá méjèèjì, kí síkúrúù sì mú un mọ́lẹ̀. Lára àwọn bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, apá òsì nìkan ni wọ́n ń bò.

Ìkejì ni bí ihò PCIe ṣe tò, òun ló sì lé bọ́ọ̀dù púpọ̀ jù lọ. GTX 1060 wọn nípọn tó ihò méjì. Káàdì tó ń gba fídíò ń fẹ́ x4. Lórí ọ̀pọ̀ Micro-ATX, ihò gígùn kejì lè gùn bíi x16 kó sì jẹ́ pé x1 tàbí x2 péré ni wáyà inú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé abẹ́ káàdì àwòrán gan-an ló wà. Ojú ò lè rí iye wáyà láti òkè. Ojú ìwé àlàyé bọ́ọ̀dù náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti kà á, níbi tí wọ́n ti kọ "x16 slot, x4 mode" tàbí irú rẹ̀.

Ìkẹta ni SATA, ìyẹn ihò tí wáyà dísìkì ń wọ̀. SSD àtijọ́, háàdì dísìkì méjì, DVD: mẹ́rin. Bọ́ọ̀dù tó ní SATA mẹ́rin á gbà wọ́n tán pátápátá láìṣẹ́ku, bẹ́ẹ̀ háàdì dísìkì kì í pẹ́ kún fún ẹni tó ń gé fídíò. Mẹ́fà la fẹ́.

Ìkẹrin ni bọ́tìnì tó ń kọ BIOS, ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù, láìsí prósẹ́sọ̀ lórí bọ́ọ̀dù. MSI ń pè é ní Flash BIOS Button, Gigabyte ń pè é ní Q-Flash Plus, ASUS ń pè é ní BIOS FlashBack. 5700X jáde ní oṣù Kẹrin 2022. Bọ́ọ̀dù tó ti wà lórí àtẹ ṣáájú ìgbà náà lè má dá a mọ̀. Ẹni tí kò ní bọ́tìnì yìí á máa wá Ryzen 3000 yá kiri kó tó lè tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, Ryzen 2000 tòkunbọ̀ ò sì lè gbà á sílẹ̀ torí kò sí lára àwọn tí B550 ń gbà. Ní tiwa níbí, bọ́tìnì yìí jẹ́ ohun tí a ò ní dúnàádúrà lé lórí.

Èyí tó kù lórí àtẹ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni MSI B550-A PRO. ATX ni, VRM rẹ̀ ní irin ní apá méjèèjì, ihò gígùn kejì jẹ́ x4, ó sì jìnnà sí káàdì àwòrán, SATA mẹ́fà ló ní, bọ́tìnì BIOS wà lẹ́yìn rẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 1 gigabit, kò sì ní Wi-Fi. Olùtajà rọ̀ wọ́n kí wọ́n fowó kún un fún èyí tó ní Wi-Fi àti 2.5 gigabit. Wáyà ni sítúdíò náà ń lò, ráúdà wọn ò sì kọjá 1 gigabit. Owó tí wọn ò fi kún un yẹn ni wọ́n fi ra NVMe 1TB, ìyẹn SSD ayára tó ń wọ ihò M.2, àti fáànù prósẹ́sọ̀, nítorí 5700X kì í bá fáànù wá nínú páálí, ti Intel àtijọ́ ò sì lè jókòó lórí AM4.

Òfin kan tí a máa ń tẹ̀ lé: fún iṣẹ́ bí èyí, bí owó bọ́ọ̀dù bá ti ju ti prósẹ́sọ̀ lọ, ohun tí wọn ò ní lò ni wọ́n ń rà.

Iṣẹ́ orí ẹ̀rọ àtijọ́

Kí wọ́n tó yọ síkúrúù kankan, a ṣe nǹkan mẹ́ta lórí Windows àtijọ́. A tẹ `slmgr /dli` láti mọ irú láíséǹsì tó wà níbẹ̀: RETAIL máa ń tẹ̀ lé oní-nǹkan lọ sórí bọ́ọ̀dù tuntun, OEM máa ń bá bọ́ọ̀dù àtijọ́ kú. RETAIL ni tiwọn, a sì so ó mọ́ àkáǹtì Microsoft wọn. A tẹ `manage-bde -status` láti rí i pé BitLocker ò tì dísìkì kankan, nítorí bí bọ́ọ̀dù bá ti yí, TPM yí nìyẹn, BitLocker á sì béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Lẹ́yìn náà a kó dráífà nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ti chipset sínú fíláàṣì.

Windows tuntun pátápátá la pinnu láti fi sórí NVMe. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ti àtijọ́ lọ bó ṣe wà gbọ́dọ̀ wò ó bóyá MBR, ètò ìpín dísìkì àtijọ́ tí GPT ti rọ́pò, ni dísìkì rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, `mbr2gpt /validate /allowFullOS` ni kó kọ́kọ́ tẹ̀, bó bá sì yege, kó fi `/convert` rọ́pò `/validate`. Kó ṣe é nígbà tí bọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣì ń tan, kó sì ti fi ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn.

Kíkọ BIOS àti títò

A sọ fáìlì BIOS di MSI.ROM, a fi í sórí fíláàṣì tí a ti ṣe ní FAT32, a sì kì í bọ ihò USB tí wọ́n kọ "Flash BIOS" sí lára gan-an. Ihò USB mìíràn kò ṣiṣẹ́ fún un. Wáyà ẹlẹ́sẹ̀ 24 àti ẹlẹ́sẹ̀ 8 nìkan ló wà lórí bọ́ọ̀dù, láìsí prósẹ́sọ̀, láìsí RAM. Ínfátà ni iná ti ń wá, kì í ṣe tààrà láti ara ògiri. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnì náà á máa ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìgbà tó bá kú ni iṣẹ́ parí. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́tìnì náà ṣì máa ṣiṣẹ́. Lórí bọ́ọ̀dù tí kò ní in, alátùn-únṣe tó ní CH341A, ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ BIOS sínú chip, ló máa ní láti fi í gbá chip BIOS mú kó tó kọ ọ́.

Orí páálí bọ́ọ̀dù la ti kọ́kọ́ tan án, lóde kéèsì: prósẹ́sọ̀, fáànù, RAM kan nínú ihò kejì láti ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀, káàdì àwòrán. HDMI ara bọ́ọ̀dù kò ní gbé àwòrán jáde pẹ̀lú 5700X, torí kò ní ẹ̀yà àwòrán nínú; lára káàdì ni kí wáyà mónítọ̀ wà. Iná kékeré tí wọ́n kọ DRAM sí lára dúró fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ. Bọ́ọ̀dù ń kọ́ bí yóò ṣe bá RAM sọ̀rọ̀ ni, ẹ má pa á. Àwòrán jáde, BIOS rí prósẹ́sọ̀, ó rí RAM.

Lẹ́yìn tí wọ́n tò ó sínú kéèsì, wọ́n tẹ bọ́tìnì: fáànù yí díẹ̀, ó kú. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ohun kan náà ni.

Ọwọ́ àwọn kan á ti lọ sórí páwà páàkì, àwọn mìíràn á ní prósẹ́sọ̀ ti jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà yẹn kan náà ló tan lórí páálí láìpẹ́ yìí, irin kéèsì nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. A tú bọ́ọ̀dù jáde. Ẹsẹ̀ ide kan, irú èyí tí bọ́ọ̀dù ń jókòó lé nínú kéèsì, wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọn ò yọ. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ jẹ́ Micro-ATX, ìlà ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi tí ATX kò ní ihò sí. Ẹsẹ̀ ide tó kù níbẹ̀ ń fi orí kan òjé ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, iná ń já sára irin, páwà páàkì sì ń pa ara rẹ̀ láti dáàbò bo ìyókù. A yọ ọ́, a fi ẹsẹ̀ ide sí ìlà ìsàlẹ̀ gan-an ti ATX, a ka ẹsẹ̀, a ka ihò bọ́ọ̀dù: mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án. Ó tan.

RAM méjèèjì wọ ihò kejì àti ìkẹrin láti ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀. Bí wọ́n bá wọ èkíní àti ìkẹta, ó lè má tan rárá, tàbí kó máa kọsẹ̀. Nínú BIOS, a tan A-XMP, ètò eré RAM, kó lè sáré ní 2666, nítorí 2400 ni i5-7400 ti ń dá a dúró sí látijọ́. Ryzen 5000 ń fẹ́ 3200 sókè, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí èèyàn máa tìtorí rẹ̀ ra RAM lówó ìsinsìnyí. A tan fTPM (TPM inú prósẹ́sọ̀), a pa CSM (ọ̀nà ìtan kọ̀ǹpútà ti àtijọ́), a tan Secure Boot.

Nígbà tí a ń fi Windows 11 sórí NVMe, a yọ wáyà SATA gbogbo dísìkì tó kù. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, Windows lè gbé apá tó fi ń tan sórí ọ̀kan nínú wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yọ dísìkì yẹn, kọ̀ǹpútà ò ní tan mọ́.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: MemTest86, tó ń yẹ RAM wò, mọ́jú láìsí àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn rẹ̀, Cinebench R23, tó ń fi iṣẹ́ wúwo dán prósẹ́sọ̀ wò, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a pa AC, a ti ìlẹ̀kùn kéèsì, HWiNFO sì ń ka ooru MOS, ìyẹn ti VRM. Bó bá súnmọ́ 100°C, bọ́ọ̀dù náà ò bá ibẹ̀ mu. Èyí kò súnmọ́ ọn, eré prósẹ́sọ̀ kò sì wálẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fídíò 4K wọn wá ń ṣàn.

Ihò M.2 àkọ́kọ́, èyí tó wà lókè nítòsí prósẹ́sọ̀, ni NVMe wà. Ìkejì ṣófo, wọ́n sì ti ń sọ pé àwọn máa ra NVMe kejì síbẹ̀. A kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn kéèsì pẹ̀lú máká: bí NVMe bá wọ ihò kejì yẹn, SATA 5 àti 6 kú nìyẹn. Torí náà orí SATA 1 sí 4 ni dísìkì wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà báyìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí wọn padà.